Iṣẹ́ Agé-òkúta Kan ní Òjóò, Ìbàdàn, lórí Òkúta Tí Àwọ̀ Rẹ̀ Fúyẹ́

Òkúta iyebíye méjì ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá agé-òkúta kan nítòsí ọjà òkúta tó wà ní Òjóò, ní Ìbàdàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Aquamarine láti ìpínlẹ̀ Plateau ni ọ̀kan, ó wọn gíráàmù 6.2, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí aṣọ funfun tí aláró rì bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan péré tó sì yára fà yọ. Èkejì jẹ́ tourmaline láti Òkè-Ògùn, píǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ bí inú ẹnu ọmọ tuntun, gíráàmù 2.4. Òrùka àti yẹtí ni mo ń ṣe tà, n kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé òkúta fún agé-òkúta. Ṣùgbọ́n òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ kò ki ni mo fi ń dán ọwọ́ wọn wò, nítorí pé kò sí ibi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí nínú rẹ̀.

Ohun tí ojú mi rí ní èṣí ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn, tí n kò ní dárúkọ, gé aquamarine kan fún mi, ó fẹ̀, ó tóbi, inú mi sì dùn títí mo fi gbé e lé orí ìwé ìròyìn tí mo sì ń ka lẹ́tà ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti àárín òkúta. Fèrèsé ni àwọn agé-òkúta ń pe irú àléébù yẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba orí òkúta wọlé yẹ kí ó kọlu ojú kan (ìhà pẹrẹsẹ tí agé-òkúta gé sí i) ní ìdí rẹ̀, kí ó ta lọ sí ojú tó kọjú sí i, kí ó sì gba orí padà wá bá ẹni tó ń wò ó. Bí igun ìdí òkúta bá kéré ju nǹkan bí dígírì 39 lọ fún aquamarine, tàbí 38 fún tourmaline, ìmọ́lẹ̀ kò ní ta padà mọ́, ìsàlẹ̀ ni yóò gbà jò lọ. Òkúta tó dúdú lè fi àwọ̀ bo ihò náà díẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ yóò kàn dà bí dígí ojú fèrèsé ni.

Ọ̀gá tí mo lọ bá lọ́tẹ̀ yìí kò sáré dé ìdí ẹ̀rọ. Wọ́n bu omi sínú abọ́ funfun, wọ́n ki aquamarine náà bọ̀ ọ́, wọ́n ń yí i pẹ̀lú ẹ̀mú, wọ́n ní, “Àǹtí, ẹ wò ó láti orí, kí ẹ tún wá wò ó láti ẹ̀gbẹ́.” Láti orí, ìyẹn ìparí gígùn rẹ̀ kan, bí omi kànga ló rí. Láti ẹ̀gbẹ́, aró náà kóra jọ, ó hàn gbangba. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pinnu pé ojú pẹrẹsẹ òkè yóò tẹ̀lé gígùn òkúta náà, kí ẹni tó bá ń wò ó lè máa rí àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn. Tourmaline wá yí ọ̀rọ̀ padà pátápátá: àwọn ilà wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀ fi ibi tí gígùn rẹ̀ dorí kọ hàn, nígbà tí a sì wò ó gba ìparí rẹ̀ kan, píǹkì náà ki ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n gé e níbùú, òkúta tí yóò jáde yóò sì kéré. Mo ṣàròyé, nítorí oníbàárà mi fẹ́ èyí tó gùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Gígùn yóò wà, ẹ ò ní rí àwọ̀.” Mo gbà. Wọ́n tún fi hàn mí pé ìdajì kan lára rẹ̀ ki ju ìkejì lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ṣóńṣó ìdí, kí ojú gbogbo tó wà lókè lè máa gbé àwọ̀ ibẹ̀ jáde.

Mo jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdí aquamarine náà. Ìda gbígbóná ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọ̀pá bàbà kékeré, wọ́n yí eyín ẹ̀rọ, tó jẹ́ 96, láti ojú kan sí òmíràn, wọ́n sì gbé igun rẹ̀ sí dígírì 43. Àwo tó rí ṣákiṣàki jù ni wọ́n kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà àwo 600, 1200 àti 3000, tí bí nọ́ńbà wọn ṣe ń ga sí i ni wọ́n ṣe ń kúnná sí i. Ìró rẹ̀ ló ń sọ fún wọn pé ó tó: ó ń kùn bí ẹni ń họ ìkòkò níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó rọlẹ̀ títí tí etí mi kò fi gbọ́ ọ mọ́. Wọ́n fi inú rẹ̀ sílẹ̀ kó jìn, tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú rẹ̀, nítorí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe rìn jìnnà sí nínú òkúta ni àwọ̀ tó kó jáde ṣe máa pọ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tó pẹ́ nínú aró. Kárátì (márùn-ún ló wà nínú gíráàmù kan) 8.4 ni ó kù nínú 31. Tourmaline di 2.9 nínú 12. Kí ẹni tí kò tíì gé òkúta rí má ṣe rò pé wọ́n jí i: iye tó ń ṣẹ́kù níyẹn, wọ́n sì fi bébà kó èéfọ́ rẹ̀ fún mi.

Ìyàtọ̀ tó wà nínú aquamarine náà yà mí lẹ́nu. Kò di aró dúdú, kò sì yẹ kí ó dì í. Àwọ̀ kan náà ni, àmọ́ ó kún ojú òkúta láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kò sí ihò láàárín.

Owó wọn jẹ́ ₦60,000 fún méjèèjì, òkúta kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì fi ṣírò rẹ̀, kì í ṣe kárátì tó jáde. Mo fẹ́ràn èyí gidigidi, nítorí agé-òkúta tí ó ń gba owó lórí kárátì yóò fẹ́ kí òkúta wúwo, kódà bí àwọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n dá fún mi di márùn-ún, kò sì sí ìwé kankan tí wọ́n kọ ìwọ̀n òkúta mi sí nígbà tí mo fi lé wọn lọ́wọ́, àfi ìgbà tí mo béèrè. Nígbà tí mo sì fi dígí onílọ́po mẹ́wàá wo orí tourmaline náà, ṣóńṣó ojú méjì níbẹ̀ kò pàdé dáadáa. Ojú lásán kò lè rí i, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí gílóòbù funfun tó wà lórí tábìlì wọn tàn yín jẹ, nítorí gbogbo òkúta ló máa ń dán bí yìnyín lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé tèmi bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo sì tún wò ó lálẹ́ lábẹ́ iná aláwọ̀ òféfèé tó wà nílé: píǹkì náà gbóná sí i, búlúù náà sì rọ díẹ̀, bí ó ṣe yẹ kí ó rí.

Oníbàárà tó ra aquamarine náà pè mí lẹ́yìn oṣù kan pé àwọ̀ rẹ̀ ti lọ. Òrí tí ó ń fi pa ọwọ́ ló ti dì mọ́ ìdí òkúta náà, ìmọ́lẹ̀ sì ti ń gba ibẹ̀ jò. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ ló dá a padà. Mo ti kó òkúta mẹ́ta mìíràn pamọ́ fún ọ̀gá náà, àmọ́ n óò kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀ fúnra mi lójú wọn, n óò sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún ọjọ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá dá.