Ìkógòsì: ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ wọ omi kí oòrùn tó mú

Ọmọ Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mí. Èdè Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Adó-Èkìtì, ó sì ti di ọdún kẹta tí mo ti dé. Lóṣù kẹwàá tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà gba ẹnubodè Ìlárá wá kí mi. Mo ní mi ò ní jẹ́ kó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Èmi, òun, àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Èkìtì, a gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, a gba Ìlawẹ̀ àti Ìgbàrà-Odò, ó di Ìkógòsì, ìlú tí ìsun omi gbígbóná àti ti tútù ti ń pàdé ara wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é ní àlọ-àbọ̀ ọ̀sán kan. Ọ̀sán làwa kọ́kọ́ débi omi náà. Oòrùn mú ganrínganrín, ara wa ti gbóná látinú mọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi ki ọwọ́ bọ omi, ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé èyí náà ni?" Ó dùn mí, torí mo ti ròyìn ibẹ̀ fún un láti Kétu.

Ní àárọ̀ Sátidé ẹ̀wẹ̀, kùrukùru ṣì bo orí òkè. Òtútù mú débi pé Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà, fi ìborùn wé orí wé èjìká. Àwa la kọ́kọ́ wọlé. Èéfín tín-ín-rín ń rú lójú omi. Bàbá tó ń mú wa kiri ní ká bọ́ bàtà, wọ́n wá na ọ̀pá sí ibi tí omi méjèèjì ti pàdé. Mo ki ẹsẹ̀ òsì bọ èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ki tọ̀tún bọ èyí tó tutù. Kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ láàárín wọn. Òsì ń rọ̀ mí bí ìgbà tí wọ́n bá fi aṣọ gbígbóná jó èèyàn lẹ́sẹ̀. Ọ̀tún ń gan mí títí dé orúnkún. Omi náà mọ́ gaara, mò ń wo èékánná ara mi nísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jókòó sórí òkúta, ó fẹsẹ̀ sínú omi, ó di bíi wákàtí kan kó tó dìde.

Bàbá sọ ìtàn ibẹ̀ fún wa: ọkùnrin kan ní ìyàwó méjì, inú ọ̀kan gbóná, èkejì sì jẹ́ oníwà tútù, ìjà wọn ló sọ wọ́n di omi, ọkọ wọn sì di òkè tó dúró tì wọ́n. Èdè Èkìtì ni wọ́n fi sọ ọ́, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé, síbẹ̀ àwa ọmọ Kétu gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀. Orí mi wú. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní tiwọn sọ pé omi òjò ló ń gba ojú sísán àpáta lọ sísàlẹ̀ jìnnà, tí ooru inú ilẹ̀ á mú un gbóná, tí á tún wá ojú ibòmíràn jáde. Míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibẹ̀ ṣe ní 1952. Omi Gossy inú ike tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, níbẹ̀ ló ti wá.

Ilé ìtura tí a sùn nínú ìlú nìkan ló bà mí nínú jẹ́. ₦18,000 ni yàrá kan, wọ́n sì ṣèlérí iná títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aago mẹ́wàá òru ni wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ omi kò sì yọ ẹ̀kán kan, garawa la fi wẹ̀. Mo fi sùúrù bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ ọ́, ó dá ₦5,000 padà lórí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ yẹ yàrá wò, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ omi fúnra yín, kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀kadà la gùn lọ sí ìṣàn omi Àrìntà ní Ìpólé-Ìlọrọ̀ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn òjò, omi ń já wá pẹ̀lú agbára, ọ̀wààrà rẹ̀ ń bá èèyàn lójú lókèèrè. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, omi sì gbé ẹsẹ̀ kan nínú sálúbàtà ọ̀rẹ́ mi lọ.

Nígbà tá a padà sí Ìkógòsì, màmá oníyán kan ké sí wa, "Ẹ wá jẹ uyán!" Iyán náà funfun, kò ní kókó, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀, ẹ̀fọ́ rírò àti ìgbín ló bá a wá. Tọ́wọ́ bà á, ó fà bí ẹní fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi bu ẹ̀ẹ̀kejì.

Kí a tó kúrò lọ́jọ́ Àìkú, ó rọ omi gbígbóná náà sínú ike méjì fún ìyá rẹ̀. Nígbà tá a dé Ìgbàrà-Odò ó ti tutù. Ó gbé e lé itan báyìí títí dé Adó, ó sì gbé e lọ sí Kétu.