Wrangler àbí Bronco: ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Kí ẹ tó fi Jeep Wrangler àti Ford Bronco wéra rárá, ẹ rí i dájú pé Bronco gan-an lẹ ń wò. Ọkọ̀ méjì ni Ford ń ta lábẹ́ orúkọ yẹn. Bronco ni èyí tí òrùlé àti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tú kúrò, tí ara rẹ̀ jókòó lórí férémù irin. Wayne ní ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n ti ń tò ó. Bronco Sport ni èkejì. Abẹ́ kan náà ni òun àti Escape ń lò, Hermosillo ní Mẹ́síkò ló sì ti ń wá. BRONCO ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú àwọn méjèèjì, nítorí náà bí ẹ bá rí “Bronco 2022” tí owó rẹ̀ wálẹ̀ lọ́nà tó yà yín lẹ́nu, Sport ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ̀ gidi ni fún ẹni tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé, àmọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí.

Jeep kò fi orúkọ tirẹ̀ ṣeré bẹ́ẹ̀. Láti orí Willys tí àwọn sójà gùn lọ́dún 1941 ni ìran Wrangler ti ṣẹ̀ wá, kò sì tíì sí àkókò tí ìran náà sinmi. Nígbà tí orúkọ Wrangler fúnra rẹ̀ jáde fún ọdún 1987, iná iwájú onígun mẹ́rin ni wọ́n fi sí i. Àwọn olólùfẹ́ Jeep bínú gan-an. Ní 1997 iná náà padà sí róbótó, láti ìgbà náà kò sì sí ẹni tó tún dán irú rẹ̀ wò. Bronco ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ó dáwọ́ dúró ní 1996, ó sì padà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2021. Nígbà tó fi máa padà, kò sí oníbàárà àtijọ́ tó lè bá Ford jà pé wọ́n yí nǹkan padà. Ìdí nìyẹn tí Ford fi lè jẹ́ kí táyà iwájú kọ̀ọ̀kan máa dá jó tirẹ̀, nígbà tí Jeep ṣì ń fi ọ̀pá irin gbọọrọ kan so táyà iwájú méjèèjì pọ̀.

Lórí títì márosẹ̀

Ọ̀pá irin yẹn dùn lórí àpáta: bí táyà kan bá gòkè, èkejì á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ohun tí ẹ máa fi san án ni èyí tí wọ́n ń pè ní death wobble. Ẹ ń sáré bíi máìlì 60 ní wákàtí kan, táyà gba ojú ìsopọ̀ afárá, ni sítíárìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì lọ́wọ́ yín, kò sì ní dákẹ́ àfi tí eré bá wálẹ̀. Jeep pààrọ̀ steering damper (ohun tó ń dín gbígbọ̀n sítíárìn kù) fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti 2019, ṣùgbọ́n damper kì í wo àìsàn náà sàn, bíbò ló ń bò ó. Ẹ ní kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wo balance àti atẹ́gùn táyà, lẹ́yìn náà bóòtù track bar, kó wá kan ball joint. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ti gbé sókè tí wọ́n sì ti fi táyà ńláńlá sí.

Bronco kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tie rod, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú, ni ibi tó ti rọ̀: ẹni tó bá fi táyà ínṣì 35 ja àpáta lójoojúmọ́ á tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi ka iye yín tó ń ja àpáta lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ bátìrì

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ra Wrangler ni kò mọ̀ pé bátìrì méjì lè wà nínú rẹ̀. Lórí JL, ìyẹn èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tó bá jẹ́ V6 3.6 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, lítà 3.6) tí kò ní eTorque (mọ́tò iná tó ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́), ńlá wà níbi tí gbogbo ojú ti ń rí i, kékeré sì fara pamọ́ sábẹ́ àpótí fíúsì. Iṣẹ́ kékeré ni láti máa gbé iná àti rédíò ró nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá pa ara rẹ̀ níbi iná tráfíìkì. Wáyà ló so ó mọ́ ńlá. Bí ó bá ti kú, á máa fa agbára ńlá mu, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tí ọkọ̀ kò ní dáhùn.

Ohun tó ń sọ ọ́ di owó ńlá ni pé àmì àkọ́kọ́ kò dẹ́rù bani. Ọkọ̀ á kàn kọ ọ́ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù pé stop/start (ìyẹn pípa tí ẹ́ńjìnnì ń pa ara rẹ̀) kò ṣiṣẹ́, bátìrì ń gba iná. Inú ọ̀pọ̀ awakọ̀ a tilẹ̀ dùn, torí wọn ò fẹ́ràn kí ẹ́ńjìnnì máa kú lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ṣọ́ọ̀bù á wọn bátìrì ńlá nìkan, torí òun ni wọ́n rí. Wọ́n á ní ó ti kú, wọ́n á fi tuntun sí i, òkú kékeré náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu tuntun. Bí èyí náà bá rẹ̀ ẹ́, alternator (ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì) tí kò ṣẹ̀ tí kò rò ni wọ́n á tú sílẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ wo ẹsẹ̀ negative bátìrì ńlá: wáyà dúdú méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ sára ọkọ̀, èkejì lọ sọ́dọ̀ kékeré. Kí wọ́n tú èkejì yìí, kí àwọn bátìrì sinmi fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èyí tó yè máa ń wà ní nǹkan bíi fóólìtì 12.6. Bí ó bá ti wà nísàlẹ̀ 12.2, ó ti ń lọ. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ pààrọ̀ méjèèjì, kí méjèèjì sì jẹ́ AGM (irú bátìrì tí omi inú rẹ̀ kì í dà). Kékeré kò ṣeé fọwọ́ bọ̀ mú: àpótí fíúsì ni wọ́n máa gbé sókè, tàbí kí wọ́n tú rọ́bà inú ihò táyà iwájú ọ̀tún, nítorí náà ẹ ṣírò owó iṣẹ́ mọ́ owó bátìrì. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ìgbà tó pààrọ̀ kékeré kẹ́yìn, ẹ yọ owó bátìrì méjì kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Bátìrì kan ni Bronco ní.

Ìlẹ̀kùn àti òrùlé

Gíláàsì iwájú Wrangler ṣeé dojú dé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ti Bronco kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tú ìlẹ̀kùn Wrangler, díńgí ẹ̀gbẹ́ bá a lọ, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò sì gbà kí ọkọ̀ máa rìn láìní díńgí. Ti Bronco wà lára ọkọ̀ gan-an, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò ní férémù gíláàsì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lè wọ inú búùtù onílẹ̀kùn mẹ́rin. Òrùlé líle Bronco 2021 kọ́kọ́ bàjẹ́ nítorí omi àti ọ̀rinrin, Ford sì gbà láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe ti èyí tí ẹ ń wò.

Ẹ́ńjìnnì

V6 2.7 Bronco ti 2021 àti 2022 ni kí ẹ fojú sí. Àwọn intake valve (ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ láti wọ ẹ́ńjìnnì) kan tí wọ́n ṣe ní 2021 lè já, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́ pátápátá. Ní 2024 ni Ford pe wọ́n padà. Ẹ fi nọ́ńbà VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) wò ó lórí nhtsa.gov, ìkànnì àjọ ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, kí ó ṣe é kí ọkọ̀ tó kúrò ní Amẹ́ríkà, torí ilé iṣẹ́ Ford tibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ́ńjìnnì 2.3 kò ní ìṣòro yìí.

Lórí V6 3.6 Wrangler, ẹ tan iná wo àárín ẹ́ńjìnnì. Ike tó gbé fílítà ọ́ìlì máa ń sán, ọ́ìlì á kún ibẹ̀, á ṣàn gba ẹ̀yìn, mẹkáníìkì tó kánjú á ní rear seal (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì) ni. Èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù wà lọ́jà.

4xe, ìyẹn Wrangler tó ń lo epo àti iná mànàmáná: ẹ fi sílẹ̀ ná. Ní 2025 wọ́n pe Wrangler àti Grand Cherokee 4xe tó lé ní 300,000 padà nítorí pé bátìrì wọn lè gbiná, wọ́n sì ní kí wọ́n páàkì wọn síta, kí wọ́n má ṣe cháàjì wọn.

Àwọn méjèèjì ní jíà ọlọ́wọ́, lórí 2.3 ní Bronco, lórí 3.6 ní Wrangler. Àwọn méjèèjì ló ń mu epo.

Ta ló yẹ kó ra èwo

Ẹni tó bá ní trélà, tó sì ń lọ sórí àpáta ní Moab ní ìpínlẹ̀ Utah lọ́dọọdún, kó ra Wrangler Rubicon, ìyẹn Wrangler tí wọ́n ṣe fún àpáta, kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí òun lè rí spare part ní gbogbo ìgbèríko, Wrangler náà ni. Ẹni tó bá ń gun títì márosẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, tó sì fẹ́ kí ọkọ̀ máa dáhùn láàárọ̀, kó wá Bronco 2.3 onílẹ̀kùn mẹ́rin, láti 2022 sókè, kó sì da omi hóòsì sórí òrùlé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó fọwọ́ sí ìwé.