Ẹ Yẹ Bátìrì Tọ́ọ̀ṣì Wò Dáadáa Kẹ́ ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ ń lo tọ́ọ̀ṣì oníṣáájì, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó lọ ra bátìrì mìíràn. Oníṣọ́ọ̀bù kan wà lágbègbè Kútọ̀ tó ń gba bátìrì tó ti já bọ́ lọ́wọ́ wa, tó ń wọ aṣọ tuntun fún un, tó sì ń tà á fún ẹlòmíràn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí kò dá mi lójú pé òun nìkan ló ń dá a.

Adìyẹ ni mo ń sìn. Ẹni tó bá ń sìn ín mọ̀ pé òru ni ejò àti eku ń jáde, nítorí náà tọ́ọ̀ṣì mi kì í jìnnà sí mi. Lóru ọjọ́ kan, ìlẹ̀kùn ilé adìyẹ gbá mi lọ́wọ́, tọ́ọ̀ṣì bọ́. Ẹ sì mọ ìlú wa: ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn l'Abẹ́òkúta, òkúta ló máa bá nílẹ̀. Iná rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Mo gbé e padà síbi tí mo ti rà á ní ₦9,500. Kò tíì pé oṣù méjì. Bọ̀dá náà yí i síwá sẹ́yìn, ó rí ibi tó ha, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó já bọ́. Ẹ mú ₦3,000 wá, kẹ́ ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, màá bá yín ki tuntun bọ̀ ọ́." Ó kúkú já bọ́ lóòótọ́, kí ni mo fẹ́ wí? Mo sanwó, mo fi òkú bátìrì sílẹ̀ fún un, mo tún dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyàwó àbúrò mi gbé tọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ wá. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ló ti ra bátìrì sí i. Ó ti fi í sórí ṣáájì, ó gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ mú. A gbé e lọ bá ọmọkùnrin rìwáyà àdúgbò wa. Ó fi abẹ la ọ̀rá búlúù tí wọ́n fi wé e, ọ̀rá píǹkì tún wà lábẹ́ rẹ̀. Létí ìdí rẹ̀, irin ti wọnú. Nígbà tó ṣí orí rẹ̀ tán, ó ní, "Kútẹ́ẹ̀sì rèé, mà."

Ara mi bù máṣọ. Ọmọ mi obìnrin ló kán kútẹ́ẹ̀sì pupa sí ẹ̀bá orí bátìrì mi lọ́jọ́ tá a rà á, kí n lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo máa kọ́kọ́ kì bọ tọ́ọ̀ṣì. Bátìrì mi ni. Ọkùnrin yìí gba ₦3,000 lọ́wọ́ mi nítorí òkú bátìrì, ó sì gba ₦3,000 mìíràn lórí òkú náà lọ́wọ́ aya ilé wa.

Mo bi rìwáyà pé báwo ni ohun tó ti kú ṣe tún ń tàn. Ó ní irú èyí ni wọ́n ń pè ní 18650: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 18 mílímítà, gígùn rẹ̀ 65. Kò sí omi bíi ti bátìrì mọ́tò nínú rẹ̀. Ewé bàbà àti ewé alumíníọ̀mù gígùn tí wọ́n fi oògùn kùn ni, tí wọ́n ká pọ̀ bí ẹní, ọ̀rá kan tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ló sì là wọ́n láàárín. Bí tọ́ọ̀ṣì bá já bọ́, ó lè jẹ́ sípíríǹgì tàbí wáyà ló kàn yẹ̀. Ìyẹn ò tó nǹkan. Ó sì lè jẹ́ bọ́ọ̀dù. Àwọn bátìrì kan máa ń ní bọ́ọ̀dù róbótó kan nídìí tó ń dá iná dúró bó bá ti pọ̀ jù, tàbí tó bá ti fẹ́ẹ́ gbẹ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ó mọ́ orí. Irin yẹn ló já nínú tèmi, èérún rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀rá píǹkì. Agbára wà nínú bátìrì, ọ̀nà tó máa gbà jáde ni kò sí mọ́. Ọkùnrin yẹn tú bọ́ọ̀dù dànù, ó wé ìyókù, iná dé.

Ibi tó wọnú gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Bí irin ìta bá tẹ ẹní inú, tí ọ̀rá tó là wọ́n ya, ewé méjèèjì á kanra, bátìrì á gbóná, ó sì lè gbiná. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọjọ́ tó já bọ́. Ó lè dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá fi í sórí ṣáájì tẹ́ ẹ sì sùn, láìsí bọ́ọ̀dù tó máa dá iná dúró.

   

A padà lọ bá oníṣọ́ọ̀bù náà. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì hàn án. Ó ní, "Màmá, kútẹ́ẹ̀sì pọ̀ nílùú." Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, ó dá owó ìyàwó àbúrò mi padà. Ó ní èmi ti lo tèmi. Ẹ gbọ́ o, "tuntun" tó fún mi náà, 9,900 mAh (ìwọ̀n agbára tí bátìrì lè gbà) ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹlẹ́tàn gbáà! Èyí tó dáa jù tí mo mọ̀ níwọ̀n yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 3,500. Mo gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà kan: gíráàmù 31. Ojúlówó máa ń tó bíi 45.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú 18650 yìí, ẹ fọwọ́ ra etí ìdí rẹ̀ yípo; bó bá ní ibi tó wọnú, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mítà tó ń wọn iná wò ó. Bó bá kún, ó yẹ kó ka nǹkan bíi 4.2 volts, bó bá wà lábẹ́ 2.5, ẹ má gbà á. Ẹ gba rìsíìtì. Èmi ò gbà á, òun ló sì mú kó ṣòro fún mi láti kọ̀wé ẹ̀sùn sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwa oníbàárà.

Bí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀. Tèmi wà nínú agolo oníyanrìn báyìí, lẹ́yìn ilé, ó jìnnà sí àwọn adìyẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ra èyí tí ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ búlúù, tí wọ́n kọ 9,900 sí, lágbègbè Kútọ̀ láìpẹ́ yìí, kó yọ ọ́ kúrò lórí ṣáájì lónìí.