Peregrine lọ́rùn ọwọ́ mi: ohun tí mo kọ́kọ́ rí

Kọ̀ǹpútà ìmòòkùn tí à ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ti pọ̀ lórí igbá báyìí, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tó ń wá, ọlọ́jà ni yóò bá a yàn án. Òmíràn rí bí aago òde ìnáwó, á máa ka bí ọkàn ṣe ń lù, á máa sọ pé fóònù ń dún. Peregrine, èyí tí ilé iṣẹ́ Shearwater ti Kánádà gbé jáde ní 2020, kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Àpótí dúdú kékeré ni, kò tilẹ̀ gbìyànjú àtijọ aago. Ẹ ò lè wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó kí ẹnikẹ́ni yìn yín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń gbé e wọ omi, ohun tó ń wù mí jù lára rẹ̀ ni pé kì í sọ ìsọkúsọ. Ohun tó yẹ kí n mọ̀ ló ń sọ, ibi tí mo ti lè rí i ló sì ń sọ ọ́ sí.

Ẹni tí kò mòòkùn rí lè béèrè pé kí ni kọ̀ǹpútà ń wá lábẹ́ omi. Àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó ń mòòkùn lójoojúmọ́ láìso nǹkan kan mọ́wọ́. Èémí tí wọ́n fà lókè ni wọ́n ń gbé lọ sísàlẹ̀, omi wọn kò jìn, wọn kì í sì í pẹ́. Tiwa tí a gbé sílíńdà pọ̀n yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì mọ́ inú sílíńdà là ń fà símú nísàlẹ̀, bí a bá sì ṣe ń jìn sí i ni agbára tí omi fi ń tẹ̀ wá ń pọ̀ sí i: mítà 10 kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí báà 1 kún un, ìyẹn bí agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ náà á wá máa wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Tí èèyàn bá rọra gòkè, á bá èémí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá sáré, á hó sínú ara. Oríkèé á máa roni, ẹsẹ̀ lè kú tipiri, ó sì lè gbẹ̀mí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí ni pé kó máa wọn bí omi ṣe jìn tó àti bí àkókò ṣe ń lọ, kó máa ṣírò náítírójìn tó ti wọ̀ wá lára, kó sì sọ iye ìṣẹ́jú tó kù kó tó di pé a ò lè gòkè tààrà mọ́.

Ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Íǹṣì 2.2 ni láti igun dé igun, aláwọ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì le. Mo ti wà nínú àwọn tó ń na ìwé jìnnà sójú kí wọ́n tó lè kà á, dókítà ojú sì ti sọ fún mi pé kò ní dáa jù báyìí lọ. Lábẹ́ omi, mi ò lè na ọwọ́ mi ju bó ṣe gùn lọ. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà gàdàgbà fi ṣe pàtàkì sí mi ju gbogbo àrà tí ilé iṣẹ́ kan lè dá lọ.

Stoney Cove ní Leicestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti ń lò ó. Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta gíráníìtì ni tẹ́lẹ̀, kó tó di adágún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ epo ní Òkun Àríwá láyé ọjọ́un. Kì í ṣe omi tó mọ́ gaara bíi ti Òkun Pupa. Ní àárọ̀ Sátidé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fẹsẹ̀ ru ẹrẹ̀ sókè, ẹ ò ní rí ìka ọwọ́ yín dáadáa. Ní ẹ̀gbẹ́ Stanegarth, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n rì síbẹ̀ ní ọdún 2000, ní nǹkan bíi mítà 20 sísàlẹ̀, omi ti di àwọ̀ ewé tó ń lọ sí dúdú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sára irin ọkọ̀ náà, mo yí ọwọ́ òsì, mo wo ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan péré: mítà ibi tí mo wà, ìṣẹ́jú tí mo ti lò, ìṣẹ́jú tó kù. Mo padà sórí ohun tí mò ń wò. Kọ̀ǹpútà tí mo lò tẹ́lẹ̀, mo ní láti dúró, kí n gbé e sún mọ́jú, kí n tún tẹ bọ́tìnnì kí iná rẹ̀ tó tàn.

Nígbà tí a bá ń gòkè, ọfà kéékèèké á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ìjìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún mítà 3 ní ìṣẹ́jú kan. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, funfun ni wọ́n, ara tuni. Tí wọ́n bá di mẹ́rin, wọ́n á di yẹ́lò. Tí wọ́n bá pé mẹ́fà, wọ́n á pọ́n, wọ́n á máa ṣẹ́jú. Bákan náà ló ṣe ń lo àwọ̀ fún gbogbo nǹkan: yẹ́lò ní kí o fiyè sí i, pupa ní kí o ṣe nǹkan kan báyìí. Ó tún máa ń gbọ̀n lọ́wọ́. Bọ́tìnnì méjì péré ló ní, ìbọ̀wọ́ tó nípọn kò sì ní ká má lè tẹ̀ wọ́n.

Kí n tó wọ omi rárá, mo lọ sínú ètò rẹ̀, mo yí irú omi sí omi odò dípò omi òkun. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí. Omi òkun wúwo ju omi odò lọ ní nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà tí ẹ bá fi í sórí omi òkun nínú adágún, yóò máa sọ pé mítà 29 nígbà tí ẹ ti wà ní 30. Kò pa ìṣírò náítírójìn lára, torí agbára omi gan-an ló ń wọ̀n, kì í ṣe mítà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń kọ ìwé àkọsílẹ̀, tàbí tí wọ́n ní kí ẹ má kọjá ibì kan, ẹ ó fẹ́ kí nọ́ńbà náà jẹ́ òótọ́.

Ìṣírò inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ jù. J. S. Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Scotland kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ àtẹ ìgòkè tó ṣe é gbára lé jáde ní 1908 fún ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ewúrẹ́ ni wọ́n sì fi dán an wò. Ewúrẹ́ wọ̀nyẹn, a jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Albert Bühlmann, dókítà kan ní Zürich, ṣe ti ẹ̀, òun sì ni Peregrine ń lò. Ó pín ara èèyàn sí ọ̀nà 16 lórí ìwé: àwọn kan ń yára kún fún náítírójìn, wọ́n sì ń yára tú u sílẹ̀, àwọn kan ń fà á fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Orí ìyẹn ni wọ́n gbé nọ́ńbà méjì tí wọ́n ń pè ní gradient factors lé, tó ń sọ bí a ṣe fẹ́ sún mọ́ ẹnu ààlà tó. 45/95 wà fún ẹni tó gbóyà, 40/85 ló ti wà lórí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, 35/75 sì wà fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà. Nọ́ńbà kejì ló kan àwa tí a kì í dúró pẹ́ débi ìdúró dandan, ìyẹn ká dúró lójú ọ̀nà kí náítírójìn lè jáde ká tó gòkè tán: bó bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́jú tí yóò fún wa nísàlẹ̀ ṣe máa kéré tó. Mo fi tèmi sí 35/75. Ọjọ́ orí mi ti kúrò ní ti eré, omi Stoney Cove nígbà òtútù náà kì í ṣe eré.

Àbúrò kan tí a jọ máa ń wọ omi, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ ní Coventry, ń lo kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò sọ ìṣírò inú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ṣì wà lórí 40/85, a jáde nínú omi lọ́jọ́ kan, ó ń bínú.

"Ẹ̀gbọ́n, tèmi ti ní ká máa lọ tipẹ́. Ṣé tiyín ò purọ́ báyìí?"

"Kò purọ́. Tìẹ ló ń bẹ̀rù."

Àwa méjèèjì la rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òfin wà: ti ẹni tó bá kọ́kọ́ ní ká gòkè la máa ń tẹ̀lé, a sì tẹ̀lé e. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé mo mọ ìdí tí tèmi fi sọ ohun tó sọ, mo sì lè yí i padà. Òun ò lè sọ ìdí tirẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń jiyàn lé lórí nínú ẹgbẹ́ wa. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá fo ìdúró dandan, wọ́n á tì pa fún wákàtí 24 tàbí 48, wọn ò ní ṣírò fún yín mọ́. Peregrine kì í tì. Á bá yín wí pẹ̀lú àwọ̀ pupa, á sì máa ṣírò lọ. Àwọn olùkọ́ kan ní ìyẹn ń ba akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Èmi ò gbà. Ẹni tí nǹkan ti dàrú mọ́ lọ́wọ́ lábẹ́ omi gan-an ló nílò nọ́ńbà jù.

Ti bátìrì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ gbé e lé orí pátákó cháájì rẹ̀, kò sí ihò tí ẹ máa ki wáyà bọ̀, nítorí náà kò sí ibi tí omi máa gbà wọlé níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní yóò tó wákàtí 30 lábẹ́ omi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ní àárín. Bátìrì náà kò ṣe é pààrọ̀ fúnra ẹni; ẹni tó bá ń lọ síbi tí iná ò dájú, kó mú power bank dání. Ó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀, àwòrán ìrìn wa lábẹ́ omi á sì yọ síbẹ̀. Ó dáa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò ní kọ́ńpáàsì. Kò sì lè ka afẹ́fẹ́ tó kù nínú sílíńdà. Èyí tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní 2024, Peregrine TX, ní méjèèjì, owó rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Géèjì tó wà lórí rọ́bà sílíńdà mi kì í gba bátìrì, kọ́ńpáàsì mi wà lórí okùn láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Kò sí ìdí tí màá fi sanwó lé e. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo tí kò ní ìkankan nínú wọn lè ní ìṣírò mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa kan ń lo Apple Watch Ultra, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò kọjá mítà 40, nọ́ńbà rẹ̀ kéré sójú tèmi.

Mo san owó tó lé díẹ̀ ní 400 pọ́ùn. Okùn rọ́bà tó ń nà ni mo fi so ó dípò bẹ́líìtì, torí aṣọ rọ́bà tí a ń wọ̀ wọ omi máa ń fúnpọ̀ bí a bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀, bẹ́líìtì tó le lókè á sì tú jẹ̀bẹ̀tẹ̀ nísàlẹ̀. Okùn rọ́bà á máa tẹ̀lé ọwọ́. Méjì ni mo so, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má baà já kí 400 pọ́ùn lọ bá Stanegarth gbé.