Ìgò Weck fún Kábéèjì Kíkan

Ilé-iṣẹ́ Weck ti ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1900, ń ṣe ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò tí mo gbà pé ó yẹ kábéèjì kíkan ju ìgò onídèérí páànù lọ, nítorí pé gíláàsì ni ìdérí rẹ̀, omi iyọ̀ kò sì lè mú un dípẹtà. Kábéèjì tí a rẹ́, tí a sì fi nǹkan bíi gíráàmù 20 iyọ̀ pò mọ́ kílò kan rẹ̀, máa ń tú afẹ́fẹ́ jáde bí ó ti ń kan. Bí afẹ́fẹ́ yìí kò bá rí ọ̀nà, ìgò mìíràn lè fọ́. Òrùka rọ́bà abẹ́ ìdérí Weck ló yanjú èyí: agbára afẹ́fẹ́ inú á gbé ìdérí sókè díẹ̀, irin tó dì í mú á sì dá a padà kí afẹ́fẹ́ òde má baà wọlé.

Síbẹ̀, ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ náà fi gíláàsì wúwo kan kún ìgò náà, èyí tí yóò tẹ ẹ̀fọ́ rì, torí pé ibi tó bá yọrí kúrò nínú omi iyọ̀ ni ohun funfun bí òwú ti máa ń hù. Nínú àwọn ìgò Weck, èyí tí ara rẹ̀ tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ rà.