Kíláàsì ìdárayá àwa àgbàlagbà: ó dára, àmọ́ kí wọ́n dín orin yẹn kù

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Orin wọn ló jẹ ìkarùn-ún.

Ọmọ mi obìnrin ló forúkọ mi sílẹ̀ ní kíláàsì yìí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwa àgbà bí a ò ṣe ní máa ṣubú. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo sì jókòó sí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí itan irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ṣe rí.

Olùkọ́ wa kì í dẹ́rù bani. Kò ní máa ka iye àgbà tó ṣubú tó ṣẹ́ egungun ìbàdí sí yín létí. Àga ló máa gbé kalẹ̀. Ẹ ó dìde, ẹ ó rin mítà 3, ẹ ó yí padà, ẹ ó wá jókòó, òun á sì máa wo aago. Ẹni tó bá lo ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fojú sí i lára, torí ó rọrùn kó ṣubú. Èmi jù 12 lọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ máa fẹsẹ̀ yín ṣe?" Mo ní mo fẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bá ọmọ-ọmọ mi ṣeré, kí n sì dìde láìpe ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi mú mi. Bí mo bá ti ń ṣọ̀lẹ, olùkọ́ á bi mí pé ọmọ-ọmọ mi yẹn ńkọ́. Ti ìyá tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fẹ́ máa gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìdi irin mú ni.

Ọgbọ́n wà nínú bí kò ṣe dẹ́rù bà wá yẹn o. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìṣubú á jókòó pa sójú kan, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ, ìṣubú tó ń sá fún á wá sún mọ́ ọn.

Mo ti dé kíláàsì mìíràn rí tí a kì í dìde lórí àga, tí a kàn ń ju ọwọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Níbí, à ń dìde láìfọwọ́ ti àga, à ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan, à ń fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì rìn, à ń fẹ̀yìn rìn. Tó bá ti mọ́ yín lára, wọ́n á mú un le sí i: ẹ mọ́wọ́ kúrò lára ògiri, ẹ yí orí sọ́tùn-ún sósì. Ó gbọ́dọ̀ mì yín díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà wọn ti 2020, ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa ṣe irú èyí ó kéré tán lọ́jọ́ 3 lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń pàdé, ilé la ti ń ṣe ìyókù. Ìwé tí wọ́n fún wa fún ti ilé náà ńkọ́? Èmi tí mo fòwú sójú abẹ́rẹ́ títí mo fi dàgbà, ojú mi ò lè ka lẹ́tà wínníwínní yẹn.

Orin ọ̀hún wá ń bo ohùn olùkọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ ti wúwo á ní láti yíjú kó tó gbọ́, ó sì wà lórí ẹsẹ̀ kan! A ti sọ ọ́ fún wọn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti dìde nílẹ̀: ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀, ẹ rá dé ìdí àga, ẹ gbé ọwọ́ lé e, ẹ ti ẹsẹ̀ kan síwájú, kẹ́ ẹ wá dìde. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fi í hàn wá, ì bá ti wà níbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, mo ti bọ́ sábẹ́ 12, ìyá ọmọ náà sì ń ráyè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí òòyì bá ń kọ́ yín tẹ́ ẹ bá dìde, tàbí ẹ̀ ń lo oògùn oorun, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Bàtà tó di gìgísẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wọ̀, wọ́n máa ń dá sálúbàtà padà. Kẹ́ ẹ sì tètè dé, torí àwọn tó bá pẹ́ ni wọ́n ń tò sí àárín, níbi tí kò sí ògiri tí wọ́n lè dì mú.