Catan: Eré Àwọn Tó Mọ Ọjà Ná

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré lẹ wà nílé, ẹ má wulẹ̀ ra Catan. Ẹ lọ ra ọpọ́n ayò, kò ní já yín kulẹ̀ láé. Ẹni mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n ṣe eré tí mò ń sọ yìí fún, ìgbà tí ẹ bá sì pé mẹ́rin ló máa ń dùn jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń pàdé déédéé, tí ẹnu wọn dá ṣáṣá, tí wọn kì í sì í gbé ìbínú eré délé, ẹ tètè wá owó rẹ̀. Mi ò tíì rí eré orí tábìlì tó jù ú lọ fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí àwa jẹ́. Tíṣà ìṣirò ni èmi, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń kọ́ni. Dókítà ń tún fóònù ṣe ní Tákíè. Fóònù nìkan ló ń wò sàn o, ẹ má gbé ọmọ yín tọ̀ ọ́ lọ. Ìyá Ìbejì ń ta gààrí àti èlùbọ́ ní Ọjà Wàzò. Alfa ń kọ́ ọmọ kéwú láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, á máa bá àwọn onílé fa wáyà iná. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, tí Dókítà bá ti kó ọjà wọlé tán, a ó gbé tábìlì sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a ó tan iná oníbátìrì, nítorí kò sẹ́ni tó ń retí NẸ́PÀ. Lúdò là ń ta tẹ́lẹ̀, ó sú wa. Ẹni tí dáìsì bá ti ṣojúure sí ti jẹ nìyẹn, àwọn yòókù kàn ń wò bí ọ̀bọ tí wọ́n ti gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi tó ń gbé Jámánì ló kó Catan wá fún mi nígbà tó wálé ọdún.

Jámánì náà sì ni eré ọ̀hún ti ṣẹ̀. Klaus Teuber ló ronú rẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ pé iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá ló fi ń jẹun nígbà yẹn. Ọdún 1995 ló jáde, ọdún náà gan-an ló sì gba Spiel des Jahres, ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń fún eré tó dára jù lọ láàárín ọdún lọ́hùn-ún. Ọdún 2023 ni bàbá náà kú. Tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ "The Settlers of Catan" sí lára, ẹ má rò pé eré mìíràn ni. Ọdún 2015 ni wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrú, nǹkan kan náà ni.

Erékùṣù kan tí kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni ẹ ó jọ máa tẹ̀ dó. Páálí onígun mẹ́fà 19 ni ilẹ̀ rẹ̀: igbó onígi 4, pápá àgùntàn 4, oko ọkà 4, ilẹ̀ amọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì 3, òkè olókùúta irin 3, àti aṣálẹ̀ ẹyọ kan. Ẹ ó pò wọ́n pọ̀ kí ẹ tó tò wọ́n, nítorí náà ilẹ̀ tòní kì í jọ tàná. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà lórí gbogbo wọn, àfi aṣálẹ̀. Ẹ ó ju dáìsì méjì. Nọ́ńbà tí ó bá jáde, ẹni tó bá ní abà létí ilẹ̀ yẹn á gba káàdì ohun tí ilẹ̀ náà ń mú jáde. Bíríkì kan àti igi kan, ẹ ti la títì. Ẹ fi irun àgùntàn kan àti ọkà kan kún un, ẹ ti tẹ abà. Òkúta irin mẹ́ta pẹ̀lú ọkà méjì ló ń sọ abà di ìlú. Máàkì kan ni abà, méjì ni ìlú, ẹni tó bá kọ́kọ́ ní máàkì 10 ló jẹ. Ìyẹn nìkan kò ju ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kọ́ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé kò sí ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mú gbogbo nǹkan jáde. Ẹni tó ní igi kò ní bíríkì. Ẹni tí ọkà rẹ̀ kún àká ń wá irun àgùntàn kiri. Báńkì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló ń gbà kó tó fún yín ní ẹyọ kan, ọ̀wọ́n gógó. Tí abà yín bá wà ní èbúté, ó lè dín sí mẹ́ta tàbí méjì. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yíjú sí ẹni tó jókòó tì yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà.

Ẹni tó bá ti dé ìdí ayò rí mọ bí wọ́n ṣe ń kí: "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ." Wọ́n á sì dáhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ẹ má mú òfin yẹn dé ìdí Catan. Ọ̀pẹ tí kò bá fọhùn níbẹ̀ á kú sí oko. Kódà tí kò bá kàn yín láti ju dáìsì, ẹni tó kàn lè fẹ́ rajà lọ́wọ́ yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wá, kí ẹ mọ iye tí ẹ máa bù lé e. Kò sáyè àti máa tẹ fóònù. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ ohun tí Ìyá Ìbejì fi ojú wa rí lálẹ́ ọjọ́ kan. Máàkì mẹ́jọ ló ní. Irun àgùntàn kún ọwọ́ rẹ̀, ilẹ̀ nọ́ńbà 8 tó jẹ́ tirẹ̀ kò dákẹ́ láti ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó kàn án, ó gbé káàdì sókè bí ẹni tó fẹ́ palẹ̀ igbá mọ́ ní alẹ́ ọjà.

"Gbàǹjo dé o! Irun àgùntàn méjì, bíríkì kan péré."

Mo rà. Alfa fi òkúta irin kan ra méjì, inú rẹ̀ dùn. Dókítà nìkan ló wojú rẹ̀ dáadáa.

"Màmá, kí ló dé tí ọwọ́ yín fi rọ̀ báyìí lónìí?"

"Àánú yín ló ń ṣe mí, ọmọ mi. Ṣé kí n kó o délé ni?"

Dókítà náà fi òkúta irin kan gba méjì. Bí ìyá náà ṣe gba owó ọjà tán, ó fa káàdì kan yọ láti abẹ́ apá, ó fi lélẹ̀ jẹ́ẹ́. Káàdì àkànṣe tí wọ́n ń pè ní Monopoly ni: ẹ ó dárúkọ ohun kan, gbogbo èyí tó bá wà lọ́wọ́ àwọn yòókù, tiyín ni.

"Irun àgùntàn. Ẹ kó o wá, gbogbo yín."

Alfa dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Ìyá Ìbejì, èyí kì í ṣe òwò. Gbájúẹ̀ ni!"

"Alfa, ẹ ka ìwé òfin."

Èmi ni mo kà á. Kò sí ohun tó lòdì níbẹ̀. Ó kó ọjà rẹ̀ padà pẹ̀lú owó wa, ó gba èbúté irun àgùntàn rẹ̀ kọjá, méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ra ọkà tó kù ú kù. Òkúta irin ti ń dúró dè é. Ó sọ abà méjì di ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, eré parí. Láti ọjọ́ náà, tí ó bá ti ta ọjà ní ẹ̀dínwó, ṣe ni gbogbo wa máa ń wo abẹ́ apá rẹ̀.

Ẹ má rò pé oríire kò sí nínú rẹ̀ o. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà jáde. Mẹ́fà nínú rẹ̀ ló ń di 7, márùn-ún ló ń di 6, márùn-ún ló ń di 8, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń di 2, ẹyọ kan ló ń di 12. Àwọn tó ṣe eré náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi àmì tó-tó-tó sábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti fi bí ó ṣe máa ń wá tó hàn, wọ́n sì kun 6 àti 8 ní pupa. Ohun tí àwọn ọmọ SS2 mi máa ń sùn lé lórí nìyí, Ìyá Ìbejì mọ̀ ọ́n láì wọ kíláàsì mi. Síbẹ̀ dáìsì kò lọ sílé ìwé. Alẹ́ kan wà tí 6 kọ̀ tí kò jáde, tí 11 ń jáde ṣáá, mo sì jókòó sí òfo fún bíi wákàtí kan. Abùkù rẹ̀ tó ń dùn mí jù ni pé tí abà méjì àkọ́kọ́ bá bọ́ síbi tí kò dára, títí eré á fi parí, ẹ ó kàn máa rọ́jú ni. Kò sẹ́ni tó máa lé yín kúrò nídìí eré, ṣùgbọ́n ebi á pa yín níbẹ̀.

Tí 7 bá jáde, kò sẹ́ni tó máa gba nǹkan kan. Ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ bá ju méje lọ á dá ìdajì padà, ẹni tó ju dáìsì á sì gbé ère kékeré kan tí wọ́n ń pè ní olè lọ sórí ilẹ̀ tó bá wù ú. Ilẹ̀ yẹn kò ní mú nǹkan jáde mọ́ títí wọ́n fi máa gbé olè kúrò, ẹni tó gbé e lọ á sì tún fa káàdì kan lọ́wọ́ ẹni tó ní abà níbẹ̀. Olè yìí ló ń da ọ̀rẹ́ rú. Àwa ti ṣòfin tiwa: ìyípo méjì àkọ́kọ́, tí 7 bá jáde, kí ẹ tún un jù. Kò sí nínú ìwé, àmọ́ ó jẹ́ kí àlàáfíà wà.

Ẹni tí títì rẹ̀ bá gùn jù, tó tó ọ̀pá márùn-ún ó kéré tán, ní máàkì méjì lọ́fẹ̀ẹ́ títí ẹlòmíì á fi gbà á. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti rí lọ́nà Ọ̀yọ́ á mọ ìdí tí a fi máa ń hó yèè tí ẹnì kan bá la títì tán láàárín wákàtí kan.

Ní ti bí wọ́n ṣe ṣe é: páálí rẹ̀ nípọn, abà àti ìlú rẹ̀ kò tíì fọ́. Àmọ́ ilẹ̀ náà kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Tí ẹnì kan bá fi orúnkún kọ lu tábìlì, erékùṣù yẹ̀ nìyẹn, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí ibi tí títì onítọ̀hún wà. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn a máa kó káàdì lọ, òkúta wẹ́wẹ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́. Nínú àwọ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò, pupa àti aláwọ̀ ọsàn jọra jù lábẹ́ iná oníbátìrì. Tí ẹ kò bá pé mẹ́rin, ẹ yọ ọ̀kan nínú méjèèjì sílẹ̀. Káàdì rẹ̀ kò fẹ́ràn epo rárá. Àkàrà ti di èèwọ̀ lórí tábìlì wa, gúgúrú gbígbẹ nìkan la gbà láyè, ìyẹn sì bí Alfa nínú ju ọ̀rọ̀ Monopoly lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, owó dọ́là ló ń darí iye rẹ̀, nítorí náà mi ò ní dá iye kan. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Oníbàárà Dókítà kan rí èyí tó rọjú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tó dé, káàdì rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ lè rí ohun tó wà lójú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó tán: ilẹ̀ 19, nọ́ńbà 18, káàdì ohun àmúṣọrọ̀ 95, káàdì àkànṣe bíi Monopoly 25, dáìsì méjì, olè kan. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní abà 5, ìlú 4, àti títì 15. Tí títì kan bá sọnù, ẹ ò ní í tètè mọ̀, àfi ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Ìwé òfin mi, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò yẹ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Àwòrán ló wà lórí káàdì ọjà, àwọn káàdì àkànṣe nìkan lọ̀rọ̀ wà lára wọn, wọn kò sì ju oríṣi díẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì kò ka ìwé òfin yẹn rí. Ó ní kí a kàn máa ta á lọ, òun á mọ̀ ọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnì karùn-ún ti wá yọjú báyìí, kọ́pà kan tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tó máa ń dúró wò wá. Báńkì la fi ṣe ná, òun ló ń há káàdì. Àfikún tó ń jẹ́ kí ó di ẹni márùn-ún sí mẹ́fà wà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á, ó sì gbọ́dọ̀ bá ọdún tí wọ́n ṣe tiyín mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní wọnú ara wọn. Òun la ń dáwó lé lórí. Ọwọ́ Ìyá Ìbejì lowó wà, Alfa sì ti ra ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọ́ sí.